Rílè Abẹ́ Tapólì

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é ní àlọ́. Ẹnu rẹ̀ ni. Èmi mọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ti jókòó nídìí tábìlì tó ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní bu iyọ̀ sí i, n kò sì ní yọ ata kúrò níbẹ̀. Ohun tí n kò bá mọ̀, n ó sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Rẹwáyà ni gbogbo ayé ń pe ọkùnrin náà, nítorí iná ọkọ̀ ló ń ṣe. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kì í yọ ohun tó dára lára ọkọ̀ oníbàárà kó fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀bi kan ṣoṣo ló ní, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì ní in pẹ̀lú rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà, lọ́la, kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ẹ wá lọ́la. Ó di lọ́la. Màá parí ẹ̀ lọ́la. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé lọ́la jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí yóò jí, tí yóò gbálẹ̀, tí yóò sì dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ lọ́la kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ọkọ̀ obìnrin náà dákú lójijì lórí afárá, ní òwúrọ̀, ọkọ̀ akóyanrìn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gbá a mọ́ irin.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti kú lára Rẹwáyà. Kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe bí akin. Ẹkún náà ni kò wá. Ó ń jẹun, oúnjẹ kò dùn, kò sì korò. Omi bátìrì dà sí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan, awọ ọwọ́ náà bó. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ tó rún náà wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi tapólì bò ó. Kò tà á. Kò tú u. Kò sún mọ́ ọn.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀. Òòlù ni wọ́n ń pè é. Irin ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi.

"Rẹwáyà," á ké láti ẹ̀gbẹ́ kejì, "ṣé o ṣì ń mí?"

"Mò ń mí."

"Ó dáa. Mo ti fẹ́ máa pín irinṣẹ́ ẹ."

Rẹwáyà kì í rẹ́rìn-ín. Òòlù kì í sì í jáwọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti ọkọ̀ kan wọ inú ọgbà wọn. Ìyá Agbẹ̀bí, tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò, ló jókòó sídìí sítíárì, ó sanra, ó ń làágùn, ó ń pàṣẹ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ rọra o! Ọkọ̀ ni, kì í ṣe òkúta!"

"Mà, ẹ bọ́ sílẹ̀ kó lè fúyẹ́," Òòlù ké.

"Ìwọ yìí? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà ọ́ jáde. Orí ẹ tóbi nígbà yẹn, ó ṣì tóbi báyìí. Dákẹ́ kí o wá bá wọn tì í."

Òòlù dákẹ́, ó sì bá wọn tì í.

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó kọjú sí Rẹwáyà, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, mà. Kí ló ṣe é?"

"Ó ń dákú. Màá máa lọ jẹ́jẹ́, á kàn dákú. Bí mo bá dúró díẹ̀, á tún dìde. Tòní ló wá kú pátápátá."

Ọwọ́ Rẹwáyà dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rí, lẹ́nu obìnrin mìíràn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ?"

"Ìrọ̀lẹ́ yìí, kó tó ṣú. Obìnrin kan wà ní òdì kejì afárá, ìbejì ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó bí kẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ. Ọkọ ẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Kò sí ọkọ̀ èrò níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún dé, ọkọ̀ mi yìí náà ló máa gbé e dé ọsibítù. Bí mi ò bá sì sí níbẹ̀..."

Ó nu òógùn ọrùn.

Ẹnu Rẹwáyà là. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Màá ṣe é lónìí," ó wí.

Ó fi mítà wá ibi tí iná ti ń ṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí i. Rílè ni: àpótí dúdú kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Òun ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́, tó sì ń fún pọ́ǹpù epo ní iná. Bí òun bá sùn, epo kò ní dé inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò sì dúró níbi tó bá wà, ìbáà jẹ́ àárín títì.

Ó pe ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀.

"Irú ẹ̀ ò sí nílẹ̀," ẹni náà dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́wàá. Tó o bá sì fẹ́ gbọ́ iye tó jẹ́, kọ́kọ́ jókòó."

Rẹwáyà kò jókòó. Ó pa fóònù náà. Ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ìdérí rílè. Lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tó ń yọ́ bó bá gbóná, tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ kan mọ́ pátákó inú rẹ̀ ti là yípo bí òrùka. Dáyóòdù kan, ẹ̀yà tó ń darí iná sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ti jóná, ó dúdú bí èédú. Kapásítọ̀ kan, ẹ̀yà tó ń fi iná pamọ́ díẹ̀, ti wú lórí bí eéwo. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí lápapọ̀ kò tó owó búrẹ́dì, àwọn ló sì dá odidi ọkọ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí. Kí èèyàn fi ẹ̀yà àlòkù tún nǹkan ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó sọ fún oníbàárà pé tuntun ni, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ó tún lẹ́ẹ̀dì tó là jó. Ó yọ dáyóòdù lára rédíò tó ti kú. Ó ku kapásítọ̀. Gbogbo èyí tó wà nínú àwọn rédíò rẹ̀ ló ga jù. Bó bá fi sí i, ìdérí kò ní pa dé, omi yóò sì wọ inú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti tẹ́ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Àyè kò gbà á.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí tó jẹ́ irú ti Ìyá Agbẹ̀bí. Ó wà lábẹ́ tapólì.

Rẹwáyà dìde. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Òòlù rí i. Irin tó ń lù dákẹ́, gbogbo ọgbà sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ariwo tapólì nìkan ló kù, nígbà tó ń ká a sókè. Ooru jáde lábẹ́ rẹ̀. Òórùn epo. Òórùn ìpẹtà. Lábẹ́ méjèèjì, díẹ̀ báyìí, òórùn ìpara ìyàwó rẹ̀.

Kò mọ nǹkan kan lára. Ó na ọwọ́ sínú ibi tó ti tẹ̀, ó ń wá rílè.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó ń nu etí.

"Ọkọ mi, ọkọ̀ yẹn tún dákú lónìí o. Lórí afárá."

"Rílè ni."

"Mo mọ̀ pé rílè ni. O ti sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ṣé wàá ṣe é ni, àbí kí n lọ fẹ́ rẹwáyà mìíràn?"

Rẹwáyà rẹ́rìn-ín. "Lọ́la. Lọ́la ni màá ṣe é."

Nínú ọkọ̀ tó rún náà, ọwọ́ rẹ̀ kan rílè. Ó fà á yọ, ó sì gbé e padà sí orí tábìlì. Ó ṣí ìdérí rẹ̀.

Ẹnìkan ti tún un ṣe.

Ó sún gíláàsì tó fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ ojú. Lẹ́ẹ̀dì náà ń dán. Dáyóòdù ara rédíò ló wà níbẹ̀. Kapásítọ̀ rẹ̀ kúkúrú, irú èyí tó ti ń wá láti ọ̀sán. Ẹni tó ṣe é tẹ ẹsẹ̀ gbogbo ẹ̀yà náà sí apá òsì, bí Rẹwáyà ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó gé orí wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí Rẹwáyà ti máa ń gé e. Ó kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sídìí wáyà wẹ́wẹ́ kó má baà mì. Rẹwáyà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ti máa ń tọrọ kútẹ́ẹ̀sì náà.

Àṣà kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìdérí rílè yòówù tó bá tún ṣe, á fi abẹ́rẹ́ họ ọjọ́ àti oṣù sí i, kó lè mọ bó ti pẹ́ tó bó bá padà wá. Ó yí ìdérí náà sí ìmọ́lẹ̀. 14/3. Mẹ́rin náà dà bí àga tó ṣubú.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú nìyẹn. Ọjọ́ tó pè ní lọ́la.

Kò sáré. Kò ké. Ó jókòó, ó ń ro ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ti jáde kí òun tó jí. Aago méje ni wọ́n pe òun. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ṣú, orí bẹ́ǹṣì ọsibítù lòun wà, bàtà ìyàwó òun nínú ọ̀rá, lórí ẹsẹ̀ òun. Òun kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọjá kí òun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

"Òòlù," ó pè. "Wá."

Òòlù wá, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ìwọ ni. Ta tún ni? Mẹ́rin tó mutí yó yìí?"

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣí tapólì yẹn?"

"Ta ló máa ṣí i? Ajá gan-an ò sùn sí abẹ́ ẹ̀."

"Òòlù, rílè ọkọ̀ ìyàwó mi ni. Mi ò ṣe é rí."

Òòlù wo rílè. Ó wo ojú Rẹwáyà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí irin tó tún dún, nígbà tó sì dún, kò lágbára.

Rẹwáyà so rílè náà mọ́ bátìrì. Kẹ̀. Ó tú u. Kẹ̀. Ó ṣe é nígbà ogún, ó dáhùn nígbà ogún. Kò sí ohun tó ṣe é. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe wà nìyí lórí afárá, ọkọ̀ náà kì bá tí dákú. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn afárá ni wọ́n tún un ṣe, ta ló ṣe é? N kò mọ̀. Òun náà kò mọ̀.

Oòrùn ti dé orí òrùlé nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí padà dé, àpò iṣẹ́ rẹ̀ ní èjìká.

"Ṣé ó ti parí? Ọkọ aboyún yẹn tún ti pè. Ó ní ó ti ń mú un."

Rẹwáyà lè dákẹ́. Iṣẹ́ kékeré ló kù, obìnrin náà kò sì mọ rílè yàtọ̀ sí páálí ìṣáná. Àmọ́ irọ́ tí a dákẹ́ pa, irọ́ ni. Ó na ọwọ́ sí rílè tó wà lórí tábìlì.

"Ìyá Agbẹ̀bí, ọkọ̀ ìyàwó mi ni mo ti yọ èyí."

Obìnrin náà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀.

Rẹwáyà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ bí ohùn ẹni tó ń ka orúkọ òpópónà.

"Mo mọ̀ pé rílè ẹ̀ ò dáa. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ní lọ́la."

Ìyá Agbẹ̀bí tẹjú mọ́ rílè náà. Ó ti rí ẹ̀jẹ̀, ó ti rí òkú ọmọ. Kì í tètè sọ̀rọ̀ nídìí nǹkan tó bá wúwo.

"Ṣé èyí ń ṣiṣẹ́?" ó bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Fi odindi ẹ̀ sí i, kí n máa lọ."

"Rárá, mà. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Mi ò lè fi iṣẹ́ tí mi ò mọ ẹni tó ṣe é gbé yín gba orí afárá yẹn. Tiyín tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lẹ máa gbé lọ. Kapásítọ̀ kan péré ló kù ú. Ó wà nínú èyí. Mo ti wọ̀n ọ́n, ó pé."

"Yọ ọ́, nígbà náà."

Kò yọ ọ́.

"Rẹwáyà."

"Bí mo bá yọ ọ́, iṣẹ́ yẹn bàjẹ́ nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo?"

"Èyí tí mo ní màá ṣe fún un."

Fóònù obìnrin náà tún dún nínú àpò. Kò gbé e. Méjèèjì gbọ́ ọ títí tó fi dákẹ́.

"Èyí tó kú ti kú," Ìyá Agbẹ̀bí wí. Kò gbé ohùn sókè. "Èyí tó ń rọbí ṣì ń pè."

Rẹwáyà ki irin ìjólẹ́ẹ̀dì bọ iná. Irin náà máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Bó ti ń dúró dè é, ó fi ẹ̀mú kékeré di kapásítọ̀ náà mú, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti fà á.

Kapásítọ̀ náà tẹ̀ lé ẹ̀mú jáde.

Ó wò ó. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì ṣì tutù, ó wà níbi tó gbé e sí. Kò tíì kan nǹkan kan. Ihò méjì tí kapásítọ̀ ti jáde kún fún lẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀dì náà ń mì, ó ń dán bí omi ojú. Ó fi ìka kàn án.

"Yéè!"

Ohùn náà mú Òòlù ta gìrì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Agbẹ̀bí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Orí ìka ti funfun.

"Kí ló jó ẹ? O ò tíì jó nǹkan kan!"

"Ó gbóná," Rẹwáyà wí. "Ó gbóná. Ó ń ta mí."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń kán sórí tábìlì. Ìyá Agbẹ̀bí rò pé ìrora ìka ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrora ìka.

Nígbà tí irin gbóná, ó jó kapásítọ̀ mọ́ rílè ti Ìyá Agbẹ̀bí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó họ ọjọ́ òní sínú ìdérí, ó dé e, ó sì tì í bọ inú ọkọ̀. Obìnrin náà yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀. Pọ́ǹpù hùn. Ẹ́ńjìnnì gbà.

"Ṣé kí n máa lọ?"

"Ẹ máa lọ. Ẹ pè mí ní kété tẹ́ ẹ bá rékọjá afárá."

Ó lọ. Òòlù wá dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn méjèèjì ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ náà bó ti ń jìnnà, títí tí kò fi sí ìró mọ́. Iná títì tàn. Òòlù kò tilẹ̀ wúkọ́.

Fóònù dún.

"Mo ti rékọjá," Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Kò dákú. Sọ fún olórí ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ pé kó lọ sùn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó tún pè. Ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹ̀jẹ̀ dé lóòótọ́, ọkọ̀ sì gbé ìyá wọn dé ọsibítù lásìkò. Ìyá ìbejì náà ti ń mu tíì.

Lórí tábìlì, rílè tó ti inú ọkọ̀ tó rún jáde wà bí ó ti fi í sílẹ̀, láìní ìdérí. Rẹwáyà tẹ̀ ba lé e. Lẹ́ẹ̀dì inú ihò méjèèjì ṣì ń dán. Ó tì wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. Wáyà náà wọlé bí abẹ́rẹ́ ti ń wọ òrí. Ó fà á yọ, ojú ihò sì tún pa dé.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Oṣù kan kọjá. Kò sí iná lára rílè náà, kò sí bátìrì. Lẹ́ẹ̀dì náà kò dì. Òòlù ti fi igi ìṣáná kàn án rí, igi náà sì gbaná. Láti ìgbà náà, kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn mọ́, ẹ̀yìn ló ń gbà.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ti mú kapásítọ̀ kúkúrú wá nísinsìnyí, tuntun, odindi páálí kan. Ìyá Agbẹ̀bí rí páálí náà lọ́jọ́ tó wá kí Rẹwáyà. Ó rí rílè tó ṣí sílẹ̀. Ó rí ọkùnrin náà tó na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń yáná, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwúrọ̀.

"Èyí tó o yọ, o ti ní irú ẹ̀," ó wí. "Kí ló dé tó ò fi fi í padà sí ti ìyàwó ẹ?"

Rẹwáyà kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Bí mo bá fi sí i," ó dáhùn, "á tutù."